Bọ́ǹdì 9.62%, káàdì 23%: ọdún kan nínú owó Ìyá Ìbejì

Gbogbo ohun tí Ìyá Ìbejì rí lórí bọ́ǹdì àti pọ́íǹtì credit card ẹ̀ láti May 2022 títí di June 2023 jẹ́ $1,248, tá a bá ní kó kó bọ́ǹdì ẹ̀ jáde pátá lọ́jọ́ tó pè mí. Ohun tí káàdì yẹn náà gbà lọ́wọ́ ẹ̀ láàárín ìgbà yẹn, èlé àti owó ọdọọdún, jẹ́ $1,250. Obìnrin tó ń ṣe night shift nílé àwọn arúgbó, tó ń fi ojú oorun ka nǹkan nípa owó torí àwọn ọmọ ẹ̀, ó ṣe wàhálà odindi ọdún kan, dọ́là méjì ló tún san lé e. Ó dùn mí gan-an, torí kò sí èyí tó burú nínú nǹkan méjèèjì tó ṣe. Pọ́íǹtì dáa, bọ́ǹdì ìjọba dáa, ibi tó ti bàjẹ́ ni pé owó tó yẹ kó fi san káàdì ló lọ fi ra bọ́ǹdì.

Òun fúnra ẹ̀ ló ní kí n kọ ọ́, pé kí n ṣáà má dárúkọ òun. Tax ni mò ń bá àwọn èèyàn wa ṣe ní Maryland níbí, bí statement káàdì (ìwé gbèsè tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ lóṣooṣù) àti ìwé bọ́ǹdì ẹ̀ ṣe dé ọwọ́ mi nìyẹn.

Ní May 2022 ló gba káàdì náà. Àdéhùn ẹ̀ ò díjú: tó bá ti ná $4,000 láàárín oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, wọ́n á fún un ní 60,000 pọ́íǹtì, wọ́n á sì máa gba $95 lọ́dọọdún. Tó bá fẹ́ sọ ọ́ di owó, sẹ́ǹtì kan ni pọ́íǹtì kan, $600 nìyẹn. Èlé orí ẹ̀ lọ́jọ́ tó gbà á jẹ́ 18.99% lọ́dún, wọ́n sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé ó lè gòkè, ó lè sọ̀kalẹ̀. Ìdí tó fi gbà á yé mi dáadáa, màmá ẹ̀ ní Abẹ́òkúta máa pé 80 ọdún ní December, ọkọ̀ òfuurufú United sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í fò tààrà láti Dulles lọ sí Èkó láti November 2021, ó wá rò ó pé kí pọ́íǹtì bá òun gbé díẹ̀ lára owó tíkẹ́ẹ̀tì.

Ẹ wo ọgbọ́n tó dá láti ná $4,000 yẹn, mo gbóríyìn fún un níbẹ̀. Kò ra nǹkan tí kò nílò. Aṣọ ẹbí ni. Lace tí gbogbo ọ̀rẹ́ àti ẹbí máa wọ̀ lọ́jọ́ náà, òun ló fi káàdì ẹ̀ ra gbogbo ẹ̀ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kálukú wá ń fi Zelle san tiẹ̀ fún un, ẹlòmíì san lọ́jọ́ kejì, ẹlòmíì di oṣù tó tẹ̀ lé e. Ó ní ìwé kékeré kan tó kọ orúkọ gbogbo wọn sí, ó fi bírò pupa fa ìlà sórí orúkọ ẹni tó bá ti san. Ó fi insurance mọ́tò àti oúnjẹ ilé kún un, kí oṣù mẹ́ta tó pé $4,000 ti pé, pọ́íǹtì sì wọlé. Ká ní ibẹ̀ ló dúró sí, tó fi owó aṣọ táwọn èèyàn ń dá padà san káàdì, èrè gidi nìyẹn ì bá jẹ́.

Àmọ́ owó aṣọ yẹn ò lọ sídìí káàdì. Savings ló ń wọ̀, ó bá èyí tó ti wà níbẹ̀, gbogbo ẹ̀ di $11,000. Ìgbà yẹn gan-an ló jẹ́ pé kò sí group WhatsApp tí wọn ò ti ń sọ̀rọ̀ I Bond, 9.62%, 9.62%, ti ṣọ́ọ̀ṣì, ti old students, títí kan ti àwọn nọ́ọ̀sì.

I Bond yìí, bọ́ǹdì ni, ìyẹn owó téèyàn yá ìjọba, ìjọba Amẹ́ríkà fúnra ẹ̀ ló ń tà á lórí site wọn, TreasuryDirect. Apá méjì ni èlé ẹ̀ ní. Apá kan kì í yí padà títí wàá fi kó owó ẹ, apá kejì ń tẹ̀ lé bí ọjà ṣe ń wọ́n, May àti November ni wọ́n máa ń yí èyí padà. Ní May 2022 apá tí kì í yí padà jẹ́ 0%, èyí tó ń tẹ̀ lé ọ̀wọ́n ọjà jẹ́ 4.81% fún oṣù mẹ́fà, ìlọ́po méjì ẹ̀ ni wọ́n ń pè ní 9.62% lọ́dún. Irọ́ kọ́, owó gidi ni, mi ò lè bá ẹnikẹ́ni jà pé ó rà á. $10,000 lẹnì kan lè rà lọ́dún lórí site yẹn. Ní June, Ìyá Ìbejì jókòó, ó fi mouse tẹ password ẹ̀ ní lẹ́tà kọ̀ọ̀kan lórí keyboard tó máa ń yọ lójú kọ̀ǹpútà, bí site wọn ṣe rí nígbà yẹn nìyẹn, ó ra $10,000 géérégé. Ó ku $1,000 nínú savings.

Ó mọ̀ pé òun ò ní lè fọwọ́ kan owó náà fún oṣù méjìlá. Ó mọ̀ pé tóun bá kó o kó tó pé ọdún márùn-ún, wọ́n máa yọ èlé oṣù mẹ́ta tó gbẹ̀yìn. Gbogbo ẹ̀ ló kà. Mo wá bi í pé, "Ẹ̀gbọ́n, kí lẹ wá ní lọ́kàn pé ẹ máa fi san káàdì?" Ó ní, "Èlé bọ́ǹdì yẹn náà ni mo rò pé á máa san án. Àbúrò mi, ṣebí oṣù mẹ́ta mẹ́ta ló máa ń wọlé?"

Ìgbà tó sọ ìyẹn ni gbogbo ẹ̀ tó yé mi. Ti Nàìjíríà ló wà lọ́kàn ẹ̀. FGN Savings Bond tí DMO, ọ́fíìsì tó ń bójú tó gbèsè ìjọba Nàìjíríà, bẹ̀rẹ̀ ní 2017, tí èèyàn lè fi ₦5,000 bẹ̀rẹ̀, ọlọ́dún méjì àti ọlọ́dún mẹ́ta, ó ti rà nínú ẹ̀ rí láti ọwọ́ àbúrò ẹ̀ tó wà nílé, òótọ́ sì ni pé oṣù mẹ́ta mẹ́ta ni wọ́n ń san èlé tiẹ̀ sí àkáǹtì báǹkì, alert á wọlé, wàá ná an. I Bond ò rí bẹ́ẹ̀. Orí owó ẹ ni èlé ẹ̀ ń gùn sí, ibẹ̀ lá máa wà, ọjọ́ tó o bá kó bọ́ǹdì ẹ jáde lo máa tó rí i. Kò sí alert kankan. Mo ti wá rí i pé ọ̀pọ̀ àwa tá a ti ra bọ́ǹdì tàbí treasury bill nílé ká tó dé ibí la máa ń rò ó bẹ́ẹ̀, kì í ṣe àìgbọ́n, ohun téèyàn ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ ló fi ń wo tuntun.

July dé, statement jáde, $4,300. $1,000 ló wà nílẹ̀, ìyẹn sì ni owó rent tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀. Ó san minimum, iye tó kéré jù tí wọ́n gbà kéèyàn san lóṣù.

Ibi tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ fara balẹ̀ kà nìyí o, torí àwọn tó ti ń lo káàdì láti ọdún pípẹ́ gan-an, ọ̀pọ̀ wọn ni ò mọ̀ ọ́n. Tó o bá ń san gbogbo ohun tí statement bá pè lóṣooṣù, ọjà tó o rà lónìí ò ní gba èlé kankan títí ọjọ́ tó yẹ kó o san án á fi pé, ó kéré tán ọjọ́ mọ́kànlélógún lẹ́yìn tí statement bá jáde. Àánú tí wọ́n ń ṣe fún ẹni tó ń san tán nìyẹn. Ọjọ́ tó o bá ti jẹ́ kí gbèsè wọ oṣù kejì, àánú yẹn ti lọ nìyẹn, kì í ṣe lórí gbèsè àtijọ́ nìkan o, lórí ọjà tuntun náà ni, láti ọjọ́ tó o ti rà á. Ní August, Ìyá Ìbejì lọ sí ṣọ́ọ̀bù àwọn èèyàn wa ní Hyattsville, iṣu, epo pupa, panla, ẹran ewúrẹ́, $140. Pọ́íǹtì méjì lórí dọ́là kọ̀ọ̀kan, 280 pọ́íǹtì, $2.80 nìyẹn, inú ẹ̀ dùn. Èlé káàdì ti di 20.49% nígbà yẹn, oṣù kan péré lórí $140 yẹn jẹ́ $2.39. Kó tó di pé oṣù kejì pé, èlé ti gbé gbogbo pọ́íǹtì ọjà yẹn mì, ó ti ń jẹ owó àpò ẹ̀, kò sì mọ̀, torí app yẹn á kí i kú oríire lórí pọ́íǹtì, á kọ ọ́ gàdàgbà, èlé wà nísàlẹ̀ pátápátá lójú ewé tó gbẹ̀yìn statement tí kò ṣí.

Mo fi ìka tọ́ka sí i fún un lórí fóònù ẹ̀. Ó tẹjú mọ́ ọn títí.

Ní gbogbo ìgbà yẹn èlé káàdì ń gun òkè, ti bọ́ǹdì ń sọ̀ kalẹ̀, ohun kan náà ló sì ń ti àwọn méjèèjì. Nǹkan wọ́n gan-an ní 2022, June ọdún yẹn iye tí ọjà fi wọ́n ju ti ọdún tó ṣáájú lọ jẹ́ 9.1%, òun ló jẹ́ kí I Bond ga. Àmọ́ torí ọ̀wọ́n yẹn náà ni Federal Reserve, báǹkì àpapọ̀ Amẹ́ríkà, ṣe ń gbé èlé sókè látìgbàdégbà, láti March 2022 tó wà nítòsí òdo títí tó fi dé 5.25 sí 5.50% ní July 2023. Àwọn káàdì bíi tiẹ̀ yìí, èlé wọn so mọ́ ọn, wọ́n ń bá a gòkè ni, 18.99%, 19.74%, 20.49%, ní June 2023 ó ti di 23.24%. Nígbà tí ọ̀wọ́n ọjà wá bẹ̀rẹ̀ sí í rọlẹ̀, bọ́ǹdì tẹ̀ lé e, oṣù mẹ́fà kejì tiẹ̀ jẹ́ 6.48%, ẹ̀kẹta 3.38%. Ti káàdì ò rọlẹ̀ o. Ẹni tó bá ra bọ́ǹdì yẹn pẹ̀lú owó tó wà nílẹ̀ gbalaja tí kò jẹ ẹnikẹ́ni ní gbèsè, ó jèrè. Ẹni tó jẹ gbèsè káàdì, láti ọjọ́ àkọ́kọ́ gan-an ni 9.62% ti kéré sí 19%, kò tíì di ìgbà tó sọ̀ kalẹ̀.

December, ó lọ sílé. Mi ò ní sọ púpọ̀ níbẹ̀, màmá pé 80, wọ́n jó, $600 pọ́íǹtì bọ́ sára tíkẹ́ẹ̀tì, ìyókù owó tíkẹ́ẹ̀tì wọ orí káàdì torí owó ẹ̀ há sínú bọ́ǹdì, mọ́tò náà sì bàjẹ́ kó tó lọ, bíréèkì àti táyà. January 2023, gbèsè orí káàdì ti di $6,200. Láti ìgbà náà ibi tó wà náà ló wà, nǹkan bí $182 ló ń san lóṣù tí í ṣe minimum, $120 nínú ẹ̀ jẹ́ èlé, ohun tó bá sì dín kù, ọjà oṣù yẹn á tún dí i.

Òfin kan wà tí wọ́n ṣe ní Amẹ́ríkà ní 2009, tó sọ ọ́ di dandan pé kí wọ́n kọ ọ́ sínú àpótí kékeré kan lórí statement, iye ọdún tí gbèsè ẹ máa gbà tó bá jẹ́ minimum nìkan lò ń san, àti iye tó yẹ kó o máa san lóṣù kó lè tán láàárín ọdún mẹ́ta. Tiẹ̀ jẹ́ $241 fún ọdún mẹ́ta. Àpótí yẹn wúlò, àmọ́ inú PDF ló wà, iye tó yẹ kó san àti ọjọ́ tó yẹ kó san án nìkan sì ni app ń fi hàn án. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa ṣí PDF yẹn.

June 2023 ló pè mí, bọ́ǹdì ti pé oṣù méjìlá, ó fẹ́ mọ̀ bóyá kóun kó o. Àwọn kan ti sọ fún un pé kó má kó o, pé kó dúró di September. Ìmọ̀ràn yẹn ò burú fún ẹni tí kò jẹ gbèsè, torí tó bá kó o ní June, èlé oṣù mẹ́ta tí wọ́n máa yọ jẹ́ ti ìgbà 6.48%, tó bá dúró di September, èyí tí wọ́n máa yọ jẹ́ ti 3.38%. Mo ṣe é fún un lórí ìwé. Ní June, $10,000 ẹ̀ á fún un ní nǹkan bíi $10,648. Ní September, nǹkan bíi $10,820. Dídúró oṣù mẹ́ta á mú $172 wá. Àmọ́ káàdì ń gba $120 lóṣù, oṣù mẹ́ta, $360. Kó lè rí $172, á pàdánù $360. Ó ní, "Wọn ò sọ apá yẹn fún mi." Wọn ò lè sọ ọ́, wọn ò mọ̀ pé gbèsè wà, kì í ṣe ohun téèyàn ń kọ sórí group.

Kì í ṣe pé kó kó gbogbo ẹ̀ náà sì ni. TreasuryDirect máa ń jẹ́ kéèyàn kó apá kan nínú bọ́ǹdì, ìyókù á máa bá tiẹ̀ lọ, ìwọ̀nba èyí tó kó nìkan ni wọ́n máa yọ èlé oṣù mẹ́ta lára ẹ̀. Mo ní kó kó $6,300, kó fi ìyókù sílẹ̀ di September. Ọjọ́ kìíní oṣù ni èlé oṣù máa ń gorí bọ́ǹdì, nítorí náà kò sí èrè kankan nínú kéèyàn dúró di ìparí oṣù kó tó kó o, ó kó o ní ìbẹ̀rẹ̀ June, owó dé báǹkì, ó san $6,200 lọ́jọ́ tó wọlé.

Kí ló dé tí mo ní $6,300? Torí mo mọ̀ pé oṣù tó ń bọ̀, statement máa tún jáde pẹ̀lú owó kékeré kan. Ojoojúmọ́ ni káàdì ń ka èlé, tiẹ̀ jẹ́ $3.95 lójúmọ́, èyí tó kà láti ọjọ́ tí statement ti jáde títí di ọjọ́ tó san, inú statement tó tẹ̀ lé e ló máa bọ́ sí. Ó sì rí bẹ́ẹ̀, $55 àti sẹ́ǹtì díẹ̀. Ká ní mi ò ti sọ fún un tẹ́lẹ̀, á rò pé wọ́n ń rẹ́ òun jẹ ni, àwọn míì a sì bínú fi sílẹ̀ láìsan, á wá di late fee. Ó san án, ó yí autopay padà láti minimum sí gbogbo owó statement, ó sì pè wọ́n pé kí wọ́n yí káàdì òun sí èyí tí kì í gba owó ọdọọdún, torí May yẹn wọ́n ti tún yọ $95 kejì. Wọ́n yí i fún un láìjiyàn.

Ó bi mí pé kí ló yẹ kóun ti ṣe ní 2022. Èyí ni mo kọ fún un: kó ya $4,300 sọ́tọ̀ fún káàdì July, á ku $6,700, kó ra bọ́ǹdì $5,000 ní June, kó fi $1,700 sílẹ̀ fún táyà àti bíréèkì. Tó bá kó bọ́ǹdì yẹn ní September 2023, $410 èlé. Pọ́íǹtì $600. Yọ $95 ọdún àkọ́kọ́ kúrò. $915, owó tó jẹ́ tiẹ̀, kò sì ní jẹ ẹnikẹ́ni. Bọ́ǹdì tó kéré sí i lá mú èrè tó pọ̀ sí i wá. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ náà ti le fún ọ̀pọ̀ èèyàn láti gbà, torí ó dà bíi pé ẹni tó ra $10,000 ló gbọ́n jù.

Àbúrò ọkọ ẹ̀ tó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ yẹn béèrè pé ṣé èèyàn ò lè kúkú fi credit card ra bọ́ǹdì náà kó fi gba pọ́íǹtì lórí ẹ̀. Rárá, àkáǹtì báǹkì nìkan ni TreasuryDirect ń gbà. Ọ̀nà kan wà táwọn kan ń gbà nígbà yẹn, wọ́n á fi káàdì san tax kọjá iye tí wọ́n jẹ, wọ́n á ní kí ìjọba fi I Bond oníwèé dá èyí tó lé padà, ó mọ sí $5,000 lọ́dún, àmọ́ àwọn tó ń bá ìjọba gba owó káàdì máa ń gba nǹkan bíi 2% tiwọn, ó sì máa ń jẹ pọ́íǹtì náà tán. January 2025 ni ìjọba sì ti dá oníwèé yẹn dúró.

September 2023, Ìyá Ìbejì kó ìyókù, nǹkan bíi $4,418. Torí pé ó fi sílẹ̀ ó rí nǹkan bíi $70 lé e ju tó bá kó o pọ̀ ní June. T-bill, ìyẹn treasury bill ìjọba Amẹ́ríkà onígbà kúkúrú, ń san ju 5% lọ nígbà yẹn, bọ́ǹdì tiẹ̀ ń san 3.38%, ó fi $4,000 ra T-bill ọlọ́sẹ̀ mẹ́tàlá lórí site kan náà, ó fi ìyókù sí savings. Nígbà tí mo ṣe tax 2023 ẹ̀, mo fi èlé bọ́ǹdì náà sínú ti ìjọba àpapọ̀, mo sì yọ ọ́ kúrò nínú ti Maryland, torí ìpínlẹ̀ àti county ò láṣẹ láti gba tax lórí èlé bọ́ǹdì ìjọba Amẹ́ríkà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń fọwọ́ ara yín ṣe tax, ẹ wo ibẹ̀ dáadáa, mo ti rí àwọn tó san án fún Maryland láìyẹ, wọ́n sì lè tún ìwé ọdún yẹn ṣe kí wọ́n gba owó wọn padà, bí kò bá tíì ju ọdún mẹ́ta lọ.